Ẹ̀rọ Lùbàbà àti Iná Àsánátù

Zongo, Parakou
4 Ẹrẹ́nà 2024

Lùbàbà ọmọ mi,

Sàlámù àlékùm. Mo kí ọ, mo kí òtútù tí ẹ jọ ń gbé ní Lyon, mo sì kí ọkàn rẹ tó le tó báyìí. Àwa ń bẹ. Eruku kò tíì lọ, omi ń wọ́n, ṣùgbọ́n a dúpẹ́. Gbogbo ará abẹ́ àtíbàbà tí a ti ń po òrí ní kí n kí ọ, àti Àsánátù ọ̀rẹ́ mi tó ń pariwo lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi báyìí pé n kò gbọdọ̀ gbàgbé orúkọ òun.

Ṣé o rí i pé n kò pè ọ́ lórí fóònù? Bí mo bá pè ọ́, wàá ní, "Ìyá, mo wà níbi iṣẹ́," fóònù á sì kú. Àwọn tó kọ́ mi ní ìwé kíkà ní kíláàsì àwọn àgbà ní Banikanni kò kọ́ mi fún ọ̀ṣọ́. N ó máa fi ọwọ́ ara mi kọ ọ́, n ó yà á ní fọ́tò, n ó fi ránṣẹ́. Ìwọ náà ṣe tìrẹ bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó wà lórí ìwé kì í sá lọ.

Ẹjọ́ tí mo ní pẹ̀lú rẹ rèé. Láti ìgbà tí Mùnírù ará àdúgbò wa ti gbé òrí wa dé ọ̀dọ̀ yín, o kò sọ nǹkan kan. Kò sí "ó dé", kò sí "kò dé". Ọmọ èèyàn ni Mùnírù. Ó bá wa gbé ẹrù wọ bàálù, ó ní òun gbé e dé ẹnu ọ̀nà lábò tí ẹ ti ń ṣiṣẹ́, wọ́n sì gbà á lọ́wọ́ òun. Obìnrin ọlọ́ṣẹ tó fẹ́ máa ra òrí lọ́wọ́ wa, ìwọ lo mú un wá. Ìwọ náà lo ní kò lè rà á àfi bí ẹ̀rọ yín bá kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò. Ó dáa, a gbà. Ní àràárọ̀ ni Ṣùkúrátù ń bi mí pé, "Ìyá Lùbàbà, ṣé ẹ̀rọ ti sọ̀rọ̀?" Ó ti sú mi láti máa wo ojú wọn. Ṣé o fẹ́ kí n máa purọ́ fún wọn ni?

Fèsì kíákíá. Ààwẹ̀ ń bọ̀, n kò fẹ́ fi ìbínú bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Èmi ni, ìyá tó bí ọ,
Sìdíkátù


Lyon
13 Ẹrẹ́nà 2024

Ìyá mi,

Ẹ kú ààwẹ̀ o. Kí Ọlọ́run gbà á lọ́wọ́ yín. Ẹ kú iṣẹ́ òrí pípò, ẹ kú ooru. Ẹ bá mi kí gbogbo àwọn ìyá tó wà lábẹ́ àtíbàbà, ẹ bá mi kí Tántì Ṣùkúrátù àti àwọn ọmọ rẹ̀. Mo gba lẹ́tà yín, mo sì gba ìbínú tó wà nínú rẹ̀. Ẹ gbọ́ tèmi náà. Ẹ̀rọ yẹn kì í ṣe tèmi. Ṣe ni mo bẹ ṣẹ́ẹ̀fù mi, ọ̀gá wa níbí, títí ó fi gbà kí n fi òrí yín sí i lẹ́yìn iṣẹ́ àwọn oníbàárà, ó sì fi ojú burúkú wò mí kó tó gbà.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí ẹ̀rọ náà ṣe ń ṣiṣẹ́. A kọ́kọ́ yọ́ òrí, a fa ohun tó fara pamọ́ sínú rẹ̀ jáde, a wá fi abẹ́rẹ́ fún ẹ̀rọ mu díẹ̀. Ẹ̀rọ á sọ ọ́ di afẹ́fẹ́ gbígbóná. Afẹ́fẹ́ náà á gba inú ọ̀pá kan tó tín-ín-rín bí irun, tó sì gùn gan-an, ohun kọ̀ọ̀kan tó wà nínú rẹ̀ á sì máa jáde ní àsìkò tirẹ̀. Bí ọ̀kan bá ti ń jáde, ìlà tó wà lójú kọ̀ǹpútà á gòkè, á tún sọ̀ kalẹ̀, bí òkè kékeré kan. Ibi tí òkè náà wà ló ń sọ irú ohun tó jẹ́. Bó ṣe ga sí ló ń sọ bó ṣe pọ̀ tó.

Ìlà yẹn kì í dúró jẹ́ẹ́ o. Kódà bí a kò fi nǹkan kan sínú ẹ̀rọ, ó máa ń gbọ̀n. Ariwo là ń pè é ní lábò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé etí kò gbọ́ ọ. Nítorí náà a kọ́kọ́ ń wo bí ó ṣe ń gbọ̀n sí, kí a tó gba òkè kankan gbọ́. Lẹ́yìn ìyẹn, a ó fún un ní ohun tí a ti mọ ìwọ̀n rẹ̀ tẹ́lẹ̀, díẹ̀ ná, lẹ́yìn náà púpọ̀, kí a lè mọ̀ pé kíkà rẹ̀ péye. Ó jọ bí ẹ ṣe máa ń fi agolo tiyín yẹ agolo aládùúgbò wò kí ẹ tó ra kóró òrí lọ́wọ́ rẹ̀. Gbogbo rẹ̀ ni mo ṣe.

Ìyá, òrí yín kò mọ́. Òkè gíga kan wà níbẹ̀, ohun tó máa ń wá láti inú èéfín ni. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àwọn òkè kéékèèké mìíràn wà, àwọn mọ̀lẹ́bí èéfín náà ni. Obìnrin ọlọ́ṣẹ ti rí èsì, ó ní òun kò lè fi irú òrí bẹ́ẹ̀ pa ọmọ ọwọ́ lára.

Mo sì mọ ibi tó ti wá. Iná Tántì Àsánátù ni. Òun ló ń yan kóró, òun ló sì máa ń fi ọ̀rá náílọ́ọ̀nù dáná. Nígbà tí mo wá sílé kẹ́yìn, ìṣojú mi ni igi tutù, tí òun sì kó ọ̀rá omi tí wọ́n ti mu tì í nídìí, tó ṣáná sí i. Mo sọ̀rọ̀ nígbà náà, ó fi mí rẹ́rìn-ín. Ẹ bá a sọ ọ́, kí ó jẹ́ ẹ̀yin àti òun nìkan. Kí ó jáwọ́ nínú ọ̀rá, tàbí kí ẹlòmíràn máa yan kóró.

Inú mi kò dùn láti kọ èyí, àmọ́ ẹ̀yin lẹ ní kí n fèsì kíákíá.

Ọmọ yín,
Lùbàbà


Zongo
17 Ẹrẹ́nà 2024

Lùbàbà,

Mo kí ọ nítorí pé Ọlọ́run ní kí á máa kí ara wa.

Ṣé ó dára báyìí? Ṣé ọkàn rẹ ti balẹ̀? O mọ̀ dájú pé bí lẹ́tà rẹ bá ti dé, abẹ́ àtíbàbà ni mò ń kà á, ní ohùn òkè. Láti ìgbà tí o ti lọ la ti ń ṣe é bẹ́ẹ̀. Ìwọ fúnra rẹ lò ń kí wọn lórúkọ, tí ò ń retí pé kí n kà á sí wọn létí. Mo jókòó, mo gbé fóònù sókè, mò ń kà, ohùn mi ń dé òpópónà. Wọ́n pàtẹ́wọ́ nígbà tí mo dé ibi ọ̀pá tó tín-ín-rín. Àsánátù fúnra rẹ̀ ló pariwo pé, "Ọmọ wa ti di ẹni ńlá!" Mo ń bá a lọ bẹ́ẹ̀, ẹnu mi sì ti sọ "Iná Tántì Àsánátù ni" kí ojú mi tó mọ ohun tó rí.

Mo fi ọwọ́ bo fóònù, ṣùgbọ́n ó ti bọ́ lẹ́nu mi. Ṣùkúrátù já fóònù gbà, ó fún ọmọbìnrin rẹ̀ tó mọ̀wé, ó ní kó kà á tán. Ó kà á tán. Wọ́n gbọ́ ti ọ̀rá, wọ́n gbọ́ ti ọmọ ọwọ́, gbogbo rẹ̀ pátá.

Subuhánálláhì! Obìnrin náà wà nídìí ìkòkò tó fi ń yan kóró, ó gba ààwẹ̀, láti ìdájí ló ti wà nínú ooru iná yẹn. Igbákọ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, igbákọ ń lu etí ìkòkò, gbogbo wa ń gbọ́ ọ. Ó ní, "Sìdíkátù, èmi? Láti ọjọ́ tí ọmọ yẹn ti bá mi wí ni mo ti fi ọ̀rá sílẹ̀!" Ṣùkúrátù ní, "Bí kò bá ṣe ìwọ, kí ló dé tí ọwọ́ rẹ ń gbọ̀n?" Ọ̀rọ̀ yẹn wọ gbogbo wọn lára. Àwọn tí wọ́n jọ ń pọnmi, tí wọ́n jọ ń po òrí, yí ojú kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀ bí ẹni pé wọn kò mọ̀ ọ́n rí.

Èmi ńkọ́? Mo wo ọwọ́ rẹ̀. Mo rò ó pé ọmọ tí mo bí ló kọ ọ́, pé ó kàwé, pé ẹ̀rọ kò mọ ojú ẹnikẹ́ni. Mo ní kí Àsánátù máa lọ sílé ná. Ó bu omi pa iná, ó mú ìborùn rẹ̀, ó lọ. Kò gbé ìkòkò rẹ̀.

Inú ń bí mi sí i, bó bá ṣe òun ló fa èyí. Inú ń bí mi sí ìwọ, ì báà jẹ́ òun, ì báà má jẹ́ òun! Ìwọ náà lo kọ ọ́ pé ẹ̀rọ yín ń gbọ̀n. Ohun tó ń gbọ̀n lẹ wá mú wá jẹ́rìí lé èèyàn lórí? Mò ń bi ọ́, kí o sì dá mi lóhùn bí ọmọ tó ń bẹ̀rù Ọlọ́run: ṣé ó dá ọ lójú?

Ìyá rẹ


Lyon
18 Ẹrẹ́nà 2024

Ìyá mi,

Ẹ kú ìṣínu. Inú ọkọ̀ ni mo ti ka lẹ́tà yín, mo sì fẹ́rẹ̀ẹ́ bú sẹ́kún láàárín àwọn tí n kò mọ̀, ìbínú ni.

Ta ló ní kí ẹ kà á sókè? Mo kọ ọ́ pé kí ó jẹ́ ẹ̀yin àti òun nìkan. Ṣé ẹ kò lè fi ojú kà á dé ìsàlẹ̀ kí ẹ tó la ẹnu ni? Ẹ ka ọ̀rọ̀ àṣírí fún gbogbo Zongo, ẹ lé obìnrin náà, ẹ wá dìde, ẹ ń bi mí bóyá ọkàn mi ti balẹ̀. Háà, Ìyá! Ẹnu mi kọ́ ló sọ pé kí ó máa lọ.

Ẹ bi mí bóyá ó dá mi lójú. Ó dá mi lójú. Mo fi ohun tí mo mọ ìwọ̀n rẹ̀ yẹ ẹ̀rọ wò láàárọ̀ ọjọ́ náà, mo tún yẹ̀ ẹ́ wò nígbà tí mo parí, kíkà rẹ̀ kò yẹ̀ rárá. Mo fún un ní òrí yín léraléra, ibì kan náà ni òkè yẹn ń jáde, gíga kan náà ló sì ń ga. Gbígbọ̀n kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Gbígbọ̀n kì í padà wá sójú kan náà. Nǹkan yẹn wà nínú òrí yín, ẹ̀rọ kò sì purọ́ mọ́ ẹnikẹ́ni. Bí Tántì bá ní òun kò fi ọ̀rá dáná mọ́, kí ó ṣàlàyé ibi tí èéfín gbà wọ inú òrí.

Kí lẹ fẹ́ kí n ṣe? Kí n kọ irọ́ fún obìnrin ọlọ́ṣẹ? Nígbà tí mo wà ní yunifásítì ní Parakou, ẹ ń fi mí yangàn kiri ọjà, ẹ ní ọmọ yín ń kọ́ ohun tí ojú kò lè rí. Ohun tí mo kọ́ náà rèé. Bó bá dùn, ẹ ó ní ọmọ yín ni mí. Bí kò bá dùn, mo di ọ̀tá ilé. Ó ti sú mi. Bí ẹ kò bá fẹ́ gbọ́ èsì, kí lẹ fi òrí ránṣẹ́ sí?

Lùbàbà


Lyon
2 Igbe 2024

Ìyá mi,

Ẹ kú ààwẹ̀, ó ti ń lọ sópin. Mo rí i pé ẹ ti ka lẹ́tà mi. Ọjọ́ tí mo fi í ránṣẹ́ gan-an ni àmì méjèèjì ti di búlúù lórí fóònù mi. Ẹ kò fèsì. Mo pè, ẹ gé e. Mo tún pè, ẹ pa fóònù. Mo bi Mùnírù, ó ní ara yín le, pé ẹ kàn kìlọ̀ fún òun kí ó má dá sí ọ̀rọ̀ náà.

Bí ẹ bá ń bínú, ẹ bínú sí mi nínú ìwé. Ẹ ṣáà kọ nǹkan. Ẹ bú mi pàápàá. Kí ẹ sì sọ fún mi bí Tántì Àsánátù ṣe wà, nítorí pé n kò lè bi ẹlòmíràn.

Lùbàbà yín


Zongo
14 Igbe 2024

Lùbàbà,

A ti túnu, a ti kírun ọdún. Kí Ọlọ́run gbà á. Ọdún tí kò dùn ni.

O ní kí n sọ bí Àsánátù ṣe wà. Ó dáa, jókòó kí o gbọ́. Ó ti kúrò ní Zongo. Ó lọ bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ní àdúgbò Albarika, ó ń ta òróró ẹ̀pà lẹ́nu ọ̀nà. Ṣé o rò pé ọ̀rọ̀ rẹ dúró sí abẹ́ àtíbàbà ni? Àwọn oní zẹ́mí ti fi alùpùpù wọn gbé e yí Parakou ká. Ẹni tó bá fẹ́ ra òróró á kọ́kọ́ gbé e símú, á ní, "Ìyá, ṣé kò sí ọ̀rá nínú èyí?" Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á sì kọjá. Obìnrin tó jẹ́ pé òrí ọwọ́ rẹ̀ ni gbogbo ilé tó wà ládùúgbò wa fi ń pa ọmọ tuntun lára, títí kan ìwọ! Òrí yẹn ni òyìnbó rẹ sọ pé òun kò lè fi pa ọmọ ọwọ́ lára.

Láti ìgbà tí mo ti délé ọkọ, lọ́jọ́ ọdún, òun ló máa ń kọ́kọ́ wọlé mi, kí n tó bọ́ aṣọ ìrun. Lọ́dún yìí mo se oúnjẹ, mo bu tirẹ̀ sọ́tọ̀, mo fi abọ́ dé e. Kò wá. Nígbà tí ó di ìrọ̀lẹ́, mo rí i lójú títì, lẹ́yìn zẹ́mí. Ó rí mi dáadáa. Ó yíjú sí òdìkejì. N kò lè jẹ oúnjẹ náà, mo gbé e fún àwọn ọmọ.

Iṣẹ́ òrí ti dúró. Ṣùkúrátù tó ní ẹnu ní òun mọ kóró yan. Ó yan án, ó jó, òrí náà dúdú, ó korò, ajá kò ní lá a. Gbogbo ẹnu tó ń dún lọ́jọ́ yẹn ti wọlé báyìí.

O ní ẹ̀rọ kò purọ́. Ó dáa, n kò mọ ẹ̀rọ. Ohun tí mo mọ̀ ni pé o ti di alágídí, o sì ti di aláìmoore. Bẹ́ẹ̀ ni, aláìmoore! Ó ti pẹ́ tí mo ti ń gbé ọ̀rọ̀ yìí mì, lónìí ni n ó pọ̀ ọ́. Aṣọ tí mo fi wé òrí yẹn ńkọ́? Aṣọ aláró tí bàbá rẹ rà fún mi lọ́jọ́ tí a sọ ọ́ lórúkọ, tí mo tọ́jú sí ìsàlẹ̀ àpótí irin mi láti ìgbà tó ti kú, tí n kò ró mọ́. Mo mú un jáde. Mo fi wé ike òrí náà ní ìlọ́po-ìlọ́po, mo so ó le. Ní ilé wa ní Ṣábẹ̀, a kì í fi òrí ránṣẹ́ ní ìhòòhò sí ọmọbìnrin tó wà lọ́nà jíjìn. Aṣọ ìyá rẹ̀ la fi ń wé e, kí òórùn ilé lè bá a dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ìyá mi ṣe é fún mi nígbà tí mo wá sí Parakou, mo fi aṣọ yẹn bojú, mo sunkún. Ìwọ ńkọ́? O kò sọ pé o rí i, o kò kí mi, o kò dúpẹ́. O gbé òrí fún ẹ̀rọ, o sọ aṣọ bàbá rẹ di àkísà.

Má pè mí.

Sìdíkátù


Lyon
16 Igbe 2024

Ìyá mi,

Ẹ forí jì mí pé n kò kí yín bó ti yẹ. Aṣọ wo? Wàláhì, n kò rí aṣọ kankan! Ike òrí nìkan ni wọ́n gbé fún mi, ní ìhòòhò, pẹ̀lú nọ́ńbà lára. Àwọn tó ń gba ẹrù lẹ́nu ọ̀nà ló ti tú u. Nígbà tí mo ka lẹ́tà yín, mo sá sọ̀kalẹ̀ lọ bá wọn. Aṣọ náà wà níbẹ̀ o. Wọ́n ká a sínú ọ̀rá, wọ́n dí i pa, wọ́n gbé e sórí pẹpẹ pẹ̀lú páálí àti ìwé ìdìrù. Wọ́n ní àwọn rò pé ìdì lásán ni. Mo ṣí ọ̀rá náà. Ìyá, òórùn àpótí yín ló kọlù mí. Káfúrà.

Àwọn kóró funfun tí ẹ máa ń kó sáàárín aṣọ kí kòkòrò má baà jẹ ẹ́, naftalíìnì là ń pè wọ́n ní lábò. Òun gan-an ni ẹ̀rọ rí. Òun ni òkè gíga yẹn. Ó máa ń wà nínú èéfín, ìdí nìyẹn tí mo fi sáré lọ sídìí iná. Ṣùgbọ́n díẹ̀ ni ti èéfín, káfúrà ni òun fúnra rẹ̀ pátápátá. Òrí sì máa ń fa òórùn mọ́ra, ẹ̀yin lẹ kọ́ mi, ẹ kì í jẹ́ kí n gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ àlùbọ́sà. Láti Parakou títí dé ibí, ara aṣọ yẹn ló ti ń fa káfúrà.

Kí ó lè dá mi lójú, mo bu òrí tó wà nínú yàrá mi, èyí tí Tántì Àsánátù fi lé mi lọ́wọ́ nígbà tí mò ń padà bọ̀. Ọwọ́ rẹ̀ náà ni, iná rẹ̀ náà ni. Mo gbé e fún ẹ̀rọ. Òkè yẹn kò sí níbẹ̀ rárá.

Èyí tó ń bí mi nínú jù ṣì wà níwájú. Ẹ rántí àwọn òkè kéékèèké tí mo pè ní mọ̀lẹ́bí èéfín? Mo padà lọ wò wọ́n. Òfin kan wà ní lábò: bí òkè kan kò bá ga ju gbígbọ̀n ìlà lọ ní ìlọ́po mẹ́ta, má ṣe pè é ní nǹkan kan. Èmi ni mo ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní òfin yẹn! Àwọn òkè tí mo fi ba Tántì lórúkọ jẹ́ kò tilẹ̀ ga tó ìlọ́po méjì. Ariwo lásán ni. Iná Tántì ti wà lọ́kàn mi kí n tó wo ìlà náà, mo wá rí èéfín níbi tí kò sí nǹkan kan. Ẹ̀rọ kò ṣìnà, kíkà rẹ̀ péye. Èmi ni mo fi ẹnu mi sọ ohun tí kò sọ.

Inú ń bí mi sí ara mi. Inú ń bí mi sí àwọn ẹlẹ́nu ọ̀nà yẹn tí wọ́n tú aṣọ ìyá mi, tí wọn kò sì sọ fún mi. Inú sì ń bí mi sí ẹ̀yin náà, ẹ má bínú, pé ẹ lé e kí ẹ tó bi mí léèrè. Ṣùgbọ́n èmi ni ó yẹ kí n ti sọ ohun tí ẹ ó fi di òrí àti ohun tí ẹ kò gbọdọ̀ fi dì í. N kò sọ ọ́, nítorí pé ilé ni, mo rò pé mo mọ ilé.

Mo ti ṣàlàyé fún obìnrin ọlọ́ṣẹ. Ó ní òun á dúró de òrí mìíràn, nínú ìgò tó ní ìdérí irin, láìsí aṣọ. Ẹ jọ̀ọ́, Ìyá, ẹ ka lẹ́tà yìí sókè. Ẹ kà á níbi tí ẹ ti ka ti àkọ́kọ́, kí ohùn yín dé òpópónà. Kí ẹ sì bá mi bẹ Tántì Àsánátù. Ẹ sọ fún un pé kò sí èéfín kankan.

Aṣọ bàbá mi wà lórí ibùsùn mi báyìí. Mo dúpẹ́, Ìyá. Ó ti pẹ́, ṣùgbọ́n mo dúpẹ́.

Lùbàbà


Zongo
24 Igbe 2024

Lùbàbà ọmọ mi,

Mo kí ọ. Mo gba ọpẹ́ rẹ, jẹ́ kí á fi ti aṣọ sílẹ̀.

Mo kà á. Mo pe gbogbo wọn jọ, kódà àwọn tó ń ta epo ọkọ̀ inú ìgò lẹ́bàá títì pa redíò wọn kí wọ́n lè gbọ́. Nígbà tí mo dé ibi tí o ti ní ariwo lásán ni, mo wo Ṣùkúrátù. Ó tẹrí ba. N kò bá a jà, nítorí pé òun kọ́ ló ní kí Àsánátù máa lọ, èmi ni. Ìtìjú ló ń mú ọwọ́ obìnrin yẹn gbọ̀n, ní ẹnu ààwẹ̀, lójú gbogbo ayé. Èmi tí mo ti mọ ọwọ́ náà láti ìgbà tí a wà ní ọ̀dọ́ wò ó, mo ní ẹ̀rí rèé. Ìwọ rí tìrẹ lójú kọ̀ǹpútà, èmi rí tèmi nídìí ìkòkò. Inú ń bí mi sí àwa méjèèjì.

Mo gun zẹ́mí lọ sí Albarika. Mo kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀gbọ́n rẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìgò òróró. Ó bu omi fún mi, ṣùgbọ́n kò jókòó tì mí. Mo fẹ́ ka lẹ́tà rẹ sí i létí, ó ní kí n pa fóònù yẹn mọ́. Ohun tó sọ rèé, n kò fi kún un, n kò yọ níbẹ̀:

"Sìdíkátù, mo gbọ́ pé ẹ ti kà á. Ẹ ṣeun. Lẹ́tà lẹ fi lé mi, ẹ kò ní fi lẹ́tà pè mí padà. Ọmọ yẹn, ọwọ́ mi yìí ló kọ́kọ́ fi òrí pa á lára nígbà tí ìwọ kò tíì lè dìde. Kí ó wá. Kí ó dúró níbi tí mo dúró sí, níwájú àwọn tí mo dúró níwájú wọn, kí ó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́. Bí ọwọ́ òun náà bá gbọ̀n, n kò ní kà á sí i lọ́rùn."

Ó wọlé. Mo bá ara mi lórí eékún níbẹ̀, èmi àti ìgò òróró.

N kò ní bẹ̀ ẹ́ mọ́, ó jàre. Ìkòkò rẹ̀ wà níbi tó fi sí, a kò sì dáná nídìí rẹ̀ mọ́. Obìnrin ọlọ́ṣẹ lè dúró, ó sì lè máa lọ, ìyẹn kò kàn mí lónìí. Mo ti kó gbogbo káfúrà inú àpótí mi dà sí ààtàn, kí kòkòrò jẹ ohun tó bá wù ú.

Má ṣe kọ̀wé sí mi mọ́. Bí o bá kọ ọ́, n kò ní ṣí i, àmì rẹ kò sì ní di búlúù. Lọ bá ṣẹ́ẹ̀fù rẹ, sọ fún un pé o ń lọ sílé, kí o sì máa bọ̀. Abẹ́ àtíbàbà ni kí o ti kọ́kọ́ yà, kí o tó wọ ilé mi.

Mú aṣọ bàbá rẹ dání.

Sìdíkátù, ìyá rẹ